Èbúté Èrò: kí ló dé tí Èkó fi tún ń wá ọ̀nà padà sórí omi?

Bí ẹ bá dé Ìpakòdo ní Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, ẹ óò rí ohun kan tí kò wọ́pọ̀ l'Ékòó: ìlà. Ìlà gidi, tí àwọn èèyàn tò sẹ́yìn ara wọn láìsí pé ẹnì kan ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnì kejì. Èmi náà ti tò níbẹ̀ rí. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ju láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kan sí mi. Òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣáájú ò tíì gbẹ lára rẹ̀, síìpù rẹ̀ ti kú, okùn kan ṣoṣo ló kù tí mo lè so mọ́yà. Ọmọkùnrin tó ń kó èrò wọlé wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ so ó dáadáa o, àwọn LASWA wà níwájú." LASWA ni àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ìrìn ojú omi. Mo ní ṣé nítorí LASWA ni mo ṣe ń so ó, àbí nítorí omi? Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ẹlòmíràn.

Kò tó wákàtí kan tí mo fi wà ní Erékùṣù Èkó. Aládùúgbò mi tó gbé mọ́tò gba ọ̀nà Mile 12 àti Kẹ́tu ti jáde nílé ṣáájú mi. Mo ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì tán, mo ti fọwọ́, kí n tó gbúròó rẹ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun afárá ni.

Irú ìrìn báyìí ló mú kí ọ̀rọ̀ èbúté tún gbòde. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Omi Èkó. Mílíọ̀nù 410 yúrò ni wọ́n ní yóò ná wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, báńkì ìdókòwò ti Yúróòpù àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé wà nídìí owó náà, ìjọba Èkó náà sì ní òun ń dá tòun. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ipa ọ̀nà 15 lórí omi, kí wọ́n kọ́ èbúté 25 tàbí kí wọ́n tún wọn ṣe, kí wọ́n sì kó ọkọ̀ ojú omi tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ wá, tí iye wọn lé ní 75.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ṣe ṣìọ̀, wọ́n ní irú rẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wíjọ́, torí pé òótọ́ ń bẹ lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn ń sọ: bó ṣe tóbi tó, bóyá ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, iye èrò tó lè gbé. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kọ́ ló ń bàjẹ́ mọ́ Èkó lọ́wọ́ látẹ̀yìnwá. Èbúté ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ti kúrò lórí ilẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀, tó tún ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń dà rú.

Orúkọ ò parọ́

Yorùbá tó bá ń gbàdúrà pé "Ọlọ́run á jẹ́ ká gúnlẹ̀ sí èbúté ògo" lè má tíì wọ ọkọ̀ ojú omi láyé rẹ̀. Èdè wa rántí ohun tí ẹsẹ̀ wa ti gbàgbé. Ẹ wo orúkọ àdúgbò l'Ékòó: Èbúté Mẹ́ta, táwọn àgbà máa ń ka Ìdó, Ọ̀tọ̀ àti Òyìngbò mọ́, Èbúté Ọ̀jọ́ lápá ìwọ̀ oòrùn, àti Èbúté Èrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà àti ààfin Ìga Ìdúngànran. Èrò tí à ń pè nínú orúkọ yẹn kan náà ni èrò ọkọ̀. Àwọn arìnrìnàjò, àwọn ará òkè tó ń ti oko àti ìlú mìíràn bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ sí. Ọjà ti bá èbúté náà dọ́gba láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí pé níbi tí ọkọ̀ bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, aláròóbọ̀ ò ní í jìnnà.

Àwọn Àwórì tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ náà, omi ló gbé ìtàn wọn wá. Wọ́n ní Ògúnfúnminírè tẹ̀ lé àwo kan tó ń léfòó lórí odò Ògùn títí tó fi dé Ìṣẹ́rí, tí àwo náà sì rì níbẹ̀. "Àwo ti rì" ló di Àwórì. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé Ìdó, tí wọ́n sì kọjá sí erékùṣù. Bóyá ẹ gbà á bí ìtàn tàbí bí ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀nà tí ìtàn náà tọ̀ bá omi mu: odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Èkó lóòótọ́, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé Ògùn lọ sísàlẹ̀, Èkó ni yóò bá ara rẹ̀.

N kò fẹ́ kí á máa kọrin ìgbà àtijọ́ bí ẹni pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹrú náà gba orí ọ̀sà yìí kọjá. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Èkó wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jáde jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Inú ọkọ̀ onígi ni wọ́n ti ń kó àwọn tí ogun mú láti òkè wá, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ òkun lọ sí Bàhíà àti Kúbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ẹpẹ́ ni Kòsọ́kọ́ sá lọ, orí omi ló sì gbà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé, Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ń padà bọ̀: Sàró láti Sierra Leone, Àgùdà láti Bùràsíìlì. Omi tó gbé àwọn kan lọ ló gbé àwọn mìíràn bọ̀ wálé, àdúgbò Pópó Àgùdà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Òkìtì yanrìn tó dá ọkọ̀ ńlá dúró

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé láti ìgbà tí òyìnbó ti dé ni ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ Èkó wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, òkìtì yanrìn kan wà lábẹ́ omi tí ìgbì ń kó jọ, tó sì ń ṣí kiri. Ọkọ̀ ńlá tó bá gbìyànjú àtikọjá lè fìdí gún un. Nítorí náà, lójú òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré, wọn a sì gbé èrò sínú àga tó dà bí apẹ̀rẹ̀, wọn a fi okùn sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àbí kẹ̀, kí wọ́n kó ohun gbogbo lọ sí Forcados ní apá Delta, kí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ò jìn tún wá kó wọn padà sí Èkó. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé kan tó ti Liverpool bọ̀, tó ti rí ilé l'Ékòó lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n tún gbé kọjá lọ sí Delta kó tó lè délé.

Ní 1907 ni ọkọ̀ agbẹ́yanrìn tí wọ́n ń pè ní Egerton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọ inú òkun láti fi ṣe ògiri tí kò ní jẹ́ kí ìgbì kó yanrìn padà. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti lè wọlé. Ní 1926, wọ́n parí èbúté ọkọ̀ ńlá mẹ́rin ní Àpápá. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti pín sí méjì: Àpápá fún ọkọ̀ tó ń ti òkèèrè bọ̀, Èbúté Èrò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń ti ilé bọ̀. Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé ní ìlú ọba wọ ọkọ̀ òkun iléeṣẹ́ Elder Dempster. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ọ̀sẹ̀ bíi méjì ló sì ń lò lójú omi kó tó dé Liverpool. Ní 1974, ó ṣíwọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀gbẹ́ ti ilé, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Oúnjẹ Èkó ló ń gba Èbúté Èrò wọlé. Láti Ẹpẹ́, Ejìnrìn àti Ìkòròdú ni ọkọ̀ ti ń kó ẹrù oko àti epo wá, tí wọ́n á sì kó aṣọ, iyọ̀ àti ọjà òyìnbó padà. Ejìnrìn jẹ́ ọjà tí orúkọ rẹ̀ kàn kárí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nígbà tí omi ṣì ni ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: nígbà tí wọ́n fẹ́ bá Ìjẹ̀bú jagun ní 1892, orí ọ̀sà ni wọ́n kó ọmọ ogun gbà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹpẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Ìmàgbọ̀n. Àwọn igi gẹdú náà ń bẹ. Wọ́n máa ń so ìtì igi pọ̀ bí ẹní, wọn á jẹ́ kó léfòó lórí omi títí dé Òkòbàbá ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ẹni tó bá ti gba orí Afárá Kẹta kọjá mọ èéfín àti òórùn sọ́dọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí ìjọba tó ní kí wọ́n kó lọ sí Àgbówà.

Nígbà tí afárá dé

Ní 1901, Afárá Carter so Ìdó mọ́ erékùṣù. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ọkọ̀ ojú irin kékeré máa gba orí afárá náà láti Ìdó lọ sí Marina, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di 1933. Ẹrù tó ti ń gba inú ọkọ̀ onígi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí irin. Lẹ́yìn òmìnira, Afárá Èkó tẹ̀ lé e. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1975. Ní 1990 ni ààrẹ ológun Babangida ṣí Afárá Kẹta, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8. Ó gba ojú ọ̀sà kọjá bí ejò, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń gbé Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí lè dé erékùṣù láìfọwọ́ kan omi.

N kò ní ká má kọ́ afárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo Marina nìkan kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú àwòrán àtijọ́, igi ló tò lọ lẹ́bàá omi níbẹ̀, èèyàn lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà kó máa wo ọkọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní ọdún 1970 síwájú, wọ́n fi yanrìn ti omi sẹ́yìn, wọ́n gbé títì oníbejì kọjá sórí rẹ̀. Ìlú tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Èkó Akéte, arómisá lẹ́gbẹlẹ́gbẹ, kọ ẹ̀yìn sí omi. Èbúté tó kù di ẹ̀yìn ọjà, ibi ìdalẹ̀sí àti ibi ìtọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó gbìyànjú gidi ní sáà yẹn ni gómìnà Lateef Jákàńdè, tó ṣèjọba láti 1979 sí 1983. Ó ra ọkọ̀ ńlá méjì, wọ́n sọ wọ́n ní Ìtafàájì àti Baba Kékeré, èyí tó jẹ́ orúkọ tí àwọn ará Èkó ń pe òun fúnra rẹ̀. Mile 2 sí Marina ni wọ́n ń ná. Àwọn tó wọ̀ wọ́n nígbà náà ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ìjókòó ní ìsàlẹ̀, ìjókòó lókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1983, iṣẹ́ náà ń rọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ á bàjẹ́, ohun èlò á wọ́n, èbúté á dípẹtà. Ohun tó sì rọ́pò wọn ni ọkọ̀ àwọn aládàáni: fáíbà pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ Yamaha wà ní ìdí rẹ̀, tí kì í lọ títí tí yóò fi kún. Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìjẹ̀bú àti Ìjọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á. Àwọn wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí omi Èkó kú pátápátá, èèyàn kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn àfìgbà tí ọkọ̀ bá dojú dé, tí wọ́n á wá máa bú wọn.

Ta ló ni omi?

Ibi tó nípọn jù nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ní 1997, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NIWA sílẹ̀ láti máa bójú tó odò àti ọ̀sà lórílẹ̀-èdè yìí. Lọ́kọ́ja ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ní 2008, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tirẹ̀, ó dá LASWA sílẹ̀. Àjọ méjì, omi kan. Ọlọ́kọ̀ ojú omi á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ èyí, èyí yóò sì ní òun ò mọ ìwé tọ̀hún. Àwọn tó ń wa yanrìn náà ń sunkún kan náà. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àti àwọn awayanrìn ṣe gba ilé-ẹjọ́ lọ nìyẹn, pé kí adájọ́ kúkú sọ ẹni tí wọn yóò máa san owó fún.

Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní NIWA ló ni ín. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà, wọ́n ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ sí omi tó wà láàárín rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sọ̀yà pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ̀jọ́ yìí ti ń lọ láti ilé-ẹjọ́ kan sí òmíràn. Láàárín ìgbà náà, bí o bá jẹ́ oníṣòwò tó fẹ́ kọ́ èbúté tó dáa, ṣé o máa da owó rẹ síbi tí o ò mọ ẹni tó lè wá tì í pa lọ́la?

Mo mọ̀ pé àwọn amòfin á ní ọ̀rọ̀ náà ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń wa ọkọ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni rìsíìtì. Mo ti rí awakọ̀ kan tó tẹ́ tirẹ̀ sórí itan, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn: èyí ti ìpínlẹ̀, èyí ti àpapọ̀, èyí ti ẹgbẹ́, èyí ti ọmọ onílẹ̀ tó ni ẹsẹ̀ omi. Ó ní èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni kì í ní rìsíìtì.

Ní báyìí, LASWA ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, NIWA náà ṣì wà. Orí omi tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ méjì yìí ni wọ́n fẹ́ da owó Omi Èkó lé.

Ohun tó wà nínú kíkọ́ èbúté

Bí èèyàn ò bá sún mọ́ ọn, á rò pé kò ju kí a ri òpó mọ́lẹ̀ ká sì to pákó lé e. Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé omi kì í dúró síbì kan. Ó ń kún, ó ń fà, nítorí pé òkun ń mí wọ inú ọ̀sà. Bí o bá kọ́ pèpéle tó dúró gbọn-in, bí omi bá ti fà, èrò á máa fò sísàlẹ̀ bí ọ̀bọ. Mo rí ìyá arúgbó kan níbi kan tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gbà lápá, tí ẹnì kẹta di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nínú ọkọ̀, tó ń pariwo pé kí wọ́n má ja òun, ilé ìwòsàn lòun ń lọ. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pèpéle tó ń léfòó, tó ń bá omi gòkè tó sì ń bá omi sọ̀, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó ń ṣí sókè sódò. Àwọn èbúté tuntun bíi ti Five Cowries ní Fàlómò ti ní irú rẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ náà tó jókòó tì: wọ́n ní owó ẹyọ márùn-ún ni wọ́n ń san fún ọlọ́kọ̀ láti sọdá omi yẹn láyé àtijọ́.

Wàhálà kejì ni pé ọ̀sà Èkó ò jìn. Bí a bá yọ ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kúrò, ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ju mítà kan ààbọ̀ sí mẹ́ta lọ. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò ń kó wá ń dín in kù, àwọn tó ń wa yanrìn sì ń gbẹ́ kòtò síbi kan, wọn á fi ibòmíràn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òkú náà ń bẹ nísàlẹ̀, irin àtijọ́ tí kò hàn síta. Ìdí nìyí tí gbígbẹ́ ipa ọ̀nà fi ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ tuntun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí olóṣèlú tó lè dúró níwájú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kó ya fọ́tò.

Ìkẹta ni ewéko. Òjúoró wa tí babaláwo ń kì, tó ń lékè omi, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí tó ń dààmú ọlọ́kọ̀, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, òdòdó rẹ̀ láró, ó rẹwà lójú. Ní 1984 ló gba ìhà Bìní Rìpọ́bíìkì àti Badagry wọlé. Bí omi dídùn láti inú odò bá ti pọ̀ lẹ́yìn òjò, á kún ojú omi bí pápá bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú kí iyọ̀ òkun wọlé, á kú. Ó máa ń lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Àárín omi lẹ̀rọ á ti kú, awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ omi, á máa fa ewé tu, gbogbo èrò á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ò dáa, ẹ gbà mí gbọ́. Nínú òkùnkùn ńkọ́? Ìdí rèé tí LASWA fi ka ìrìn òru léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ níbi iṣẹ́ ṣì ń wá ọkọ̀ tí yóò jí i gbé kọjá.

Owó epo tún dé. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá kan gbéra láti nǹkan bíi náírà 185, ó lé ní 480. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń mu epo bí ẹni mu omi tútù. Owó ọkọ̀ gun òkè, ẹni tó ń fi omi sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá ń ṣírò bóyá kó kúkú máa jókòó nínú dánfó. Nítorí èyí ni mo fi lóye ìdí tí wọ́n fi ní ọkọ̀ oníná làwọn fẹ́. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ibo ni wọn yóò ti máa rí iná gbà á sí? Èbúté tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì gba iná fún ọkọ̀ tí kì í lo epo á ṣe wá lẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ omi àti ẹsẹ̀ títì

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, gómìnà Sanwó-Olú ṣí iṣẹ́ LAGFERRY, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò ojú omi ti ìjọba Èkó, lákọ̀tun, ní ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní ọ̀pọ̀ títì. Ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà ò bá sí mọ́, báwo ni ẹni tó sọ̀ ní èbúté yóò ṣe dé ibi iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ èbúté l'Ékòó ló jẹ́ pé bí o bá ti jáde ní géètì, ìwọ àti Ọlọ́run ló kù. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń dúró dè ọ́, kò sí ibi tí o lè gbé mọ́tò rẹ sí láti àárọ̀. Ní Èbúté Èrò, bí o bá ti gun òkè báyìí, àárín ọjà lo já sí, ọmọlanke ní iwájú, alábàrù ní ẹ̀yìn, dánfó tó ń fẹ́ rọra kọjá lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ omi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé lórí ìdá náà àfi àwọn Mákòókó àti ẹgbẹ́ wọn. Orí ilẹ̀ ni gbogbo wa ti ń bọ̀, orí ilẹ̀ náà là ń lọ.

Ohun mìíràn tó ń kọ mí lóminú rèé. Àwòrán tí wọ́n ń gbé jáde nípa àwọn èbúté tuntun dára, wọ́n mọ́, gíláàsì ń dán, akọ̀wé tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà ń fi káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ kan ẹnu ọ̀nà. N kò tíì rí èyí tí alágbọ̀n wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyá alágbọ̀n ló ni Èbúté Èrò, òun ni èrò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá kọ́ èbúté tí kò ní àyè fún ẹrù, ẹrù náà kò ní torí ìyẹn pòórá. Ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí kò sí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì àti olùṣọ́, ni yóò máa gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń padà sí Ìkòròdú, ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni. Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọjà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin tó ń kó èrò wọlé ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ wọlé, ẹrù ò sí." Ìyá náà ò dá a lóhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ fi apẹ̀rẹ̀ kejì lé e lọ́wọ́, ó sì gbé méjèèjì kalẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀ mi àti ti ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi sún díẹ̀." A sún.